Àwọn Tó Ń Tọ́jú Voyager: Iṣẹ́ Ẹnjiníà Lórí Ohun Tí Ọwọ́ Kò Lè Kàn Mọ́

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjokòó, ẹ̀yin olùkọ́, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà lọ́wọ́, mo kí gbogbo yín. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ nípa ìgbé ayé ẹnjiníà tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ètò òfuurufú. Bí ọ̀pọ̀ èèyàn bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí, ohun tó máa ń wá sí wọn lọ́kàn ni rọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń yọ iná lẹ́nu, tí ilẹ̀ ń mì tìtì, tí àwọn èèyàn sì ń pàtẹ́wọ́. Ìṣẹ́jú díẹ̀ nìyẹn máa ń gbà. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ sọ fún yín lónìí ni èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àtẹ́wọ́ bá ti dákẹ́, iṣẹ́ ẹni tó ní láti máa tọ́jú ẹ̀rọ tí kò ní fojú kàn mọ́ láéláé.

Voyager ni mo mú ṣe àpẹẹrẹ, ọkọ̀ òfuurufú tí kò sí èèyàn nínú rẹ̀. Méjì ni wọ́n. Voyager 2 ló kọ́kọ́ gbéra ní Cape Canaveral, ní ìpínlẹ̀ Florida lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ ọdún 1977. Voyager 1 tẹ̀ lé e ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án, àmọ́ ọ̀nà tirẹ̀ yá jù, òun ló sì kọ́kọ́ dé Jupiter. Ibi tí wọ́n ti ṣe wọ́n, tí wọ́n sì ti ń darí wọn títí dòní, ni JPL, ilé iṣẹ́ ìwádìí tí yunifásítì Caltech ń bójú tó fún NASA, àjọ òfuurufú ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní Pasadena, ní California. Kò sí èyí tó tó tọ́ọ̀nù kan nínú wọn. Iṣẹ́ nǹkan bí ọdún mẹ́rin ni ìjọba san owó rẹ̀: ẹ lọ wo Jupiter, ẹ lọ wo Saturn, ó parí. Ó ti ju ogójì ọdún dáadáa lọ báyìí, wọ́n ṣì ń bá wa sọ̀rọ̀.

Kì í ṣe ọ̀gá kankan ló yan ìgbà tí wọ́n gbéra. Ní 1965, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ Gary Flandro wá ṣiṣẹ́ ìgbà ìsinmi ní JPL. Wọ́n ní kó wá ọ̀nà tí ẹ̀rọ lè gbà dé àwọn pílánẹ́ẹ̀tì tó jìnnà jù. Ó ṣírò títí ó fi rí i pé ní apá ìparí àwọn ọdún 1970, Jupiter, Saturn, Uranus àti Neptune máa tò sí apá kan náà lára oòrùn, débi pé ẹ̀rọ kan ṣoṣo lè gba ọ̀dọ̀ gbogbo wọn kọjá. Ṣáájú rẹ̀, ní 1961, Michael Minovitch ti fi ìṣirò hàn pé bí ẹ̀rọ bá kọjá nítòsí pílánẹ́ẹ̀tì ńlá, agbára òòfà pílánẹ́ẹ̀tì náà lè fún un ní eré sí i láìjẹ́ pé ó jó epo. Pa ọgbọ́n méjèèjì pọ̀, ìrìn àjò tí ì bá gba nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún kó tó dé Neptune á wá gba méjìlá. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ọdún 176 síra wọn ni irú ìtò bẹ́ẹ̀ ń wáyé. Ẹnjiníà tó bá fi ọdún díẹ̀ pẹ́, àtọmọdọ́mọ rẹ̀ tó jìnnà ni yóò rí àyè ẹlẹ́ẹ̀kejì.

Ìjọba ò gbà láti san owó pílánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin, torí owó náà ti pọ̀ jù lójú wọn. Méjì ni wọ́n fọwọ́ sí. Ohun tí àwọn ẹnjiníà náà wá ṣe ni mo fi fẹ́ràn wọn. Wọ́n ṣe ẹ̀rọ tó máa dé pílánẹ́ẹ̀tì méjì bí wọ́n ṣe ní kí wọ́n ṣe é, àmọ́ wọn ò ti ọ̀nà tó kù pa. Wọ́n fi kọ̀ǹpútà méjì-méjì sí i, rédíò tó ń gbọ́rọ̀ náà méjì, kí ìkejì lè gbaṣẹ́ bí ìkíní bá kú. Wọ́n ṣe é lọ́nà tí èèyàn fi lè máa tún ètò inú kọ̀ǹpútà náà kọ láti ilẹ̀ ayé bí ọkọ̀ ṣe ń lọ. Plutonium-238, ohun olóró tó ń mú ooru jáde fúnra rẹ̀, ni wọ́n fi ń pèsè iná mànàmáná rẹ̀, torí oòrùn ò ní lágbára tó mọ́ lọ́hùn-ún. Ẹni tó bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù; èyí tí wọ́n dà láàárín àwọn ọdún 1970 ni àwọn tí wọn ò tíì bí nígbà yẹn ń tẹ̀ ní JPL lónìí.

Ìdààmú bá wọn ní oṣù Kejìlá 1973. Pioneer 10, ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó dé Jupiter, ròyìn pé ìtànṣán olóró tó wà níbẹ̀ le gan-an. Voyager bí wọ́n ṣe yàwòrán rẹ̀ sórí bébà nígbà yẹn ò lè là á já. Wọ́n pààrọ̀ àwọn èlò ẹlẹ́tíróníìkì kan, wọ́n bo àwọn mìíràn. Nígbà tí àkókò ti ń lọ tán, wọ́n lọ ra fọ́ìlì ilé ìdáná ní súpámákẹ́ẹ̀tì, irú èyí tí a fi ń wé ẹran, wọ́n sì fi wé àwọn wáyà kan. NASA fúnra wọn ló sọ ìtàn náà. Mo sọ ọ́ fún yín kí ẹ lè mọ̀ pé iṣẹ́ yìí ò kórìíra ohun olówó pọ́ọ́kú, bí ẹni tó lò ó bá ti mọ ìdí tó fi lò ó.

Kò tíì pé ọdún kan tí wọ́n kúrò nílé tí wàhálà ńlá àkọ́kọ́ fi dé. Wọ́n ti kọ́ Voyager 2 pé bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá tí kò gbọ́ àṣẹ kankan láti ilẹ̀ ayé, kó gbà pé rédíò tó fi ń gbọ́rọ̀ ti bàjẹ́, kó bọ́ sórí ìkejì. Ní oṣù Kẹrin 1978, Voyager 1 ń dà wọ́n láàmú, ara rẹ̀ sì ni gbogbo ojú wà. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, kò sẹ́ni tó rántí bá Voyager 2 sọ̀rọ̀. Ó ṣe ohun tí wọ́n kọ́ ọ, ó bọ́ sórí rédíò kejì. Èlò ẹlẹ́tíróníìkì kékeré kan tí wọ́n ń pè ní kàpásítọ̀ ti bàjẹ́ nínú rédíò kejì yẹn. Ọkọ̀ náà padà sórí àkọ́kọ́, kò sì pẹ́ tí ìyẹn fi kú pátápátá.

Báyìí ni ó ku rédíò kan ṣoṣo, òun náà ò sì lè wá ibùdó fúnra rẹ̀ mọ́. Ẹ fojú inú wo rédíò tí kọ́ọ̀bù rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ojú kan, tó wá di pé ilé iṣẹ́ rédíò ló gbọ́dọ̀ máa wá ibi tó lẹ̀ mọ́ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Ojú ibẹ̀ gan-an kì í dúró. Bí inú ọkọ̀ bá gbóná díẹ̀, á sún. Bí ilẹ̀ ayé ṣe ń yí tó sì ń rìn yí oòrùn ká, ohùn tó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ń yí padà. Kí wọ́n tó lè sọ gbólóhùn kan fún Voyager 2, wọ́n ní láti ṣírò gbogbo èyí pọ̀. Láti 1978 títí dòní ni wọ́n ti ń ṣe ìṣirò náà. Ìgbàgbé ọ̀sẹ̀ kan di iṣẹ́ ojoojúmọ́ fún gbogbo ẹni tó wá dé lẹ́yìn.

Ní oṣù Kẹta 1979, Voyager 1 dé Jupiter. Linda Morabito jẹ́ ẹnjiníà nínú àwọn tó ń wá ojú ọ̀nà fún ọkọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wo àwọn ìràwọ̀ tó wà lẹ́yìn àwọn òṣùpá Jupiter, kí wọ́n lè fi mọ ibi tí ọkọ̀ wà gan-an. Ní ọjọ́ 9 oṣù náà, ó mú kí àwòrán òṣùpá tó ń jẹ́ Io mọ́lẹ̀ sí i kó lè rí ìràwọ̀ tó fara sin, ó sì rí ohun kan tó dà bíi kùrukùru ńlá tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Io. Kì í ṣe ìràwọ̀. Wọn ò ní kó wá irú ohun bẹ́ẹ̀, ó sì lè gbójú fò ó kó máa bá tirẹ̀ lọ. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ gbogbo ohun tó lè fà á wò, wọ́n ń yọ wọ́n kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi ku òkè ayọnáyèéfín. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọmọ aráyé máa rí èyí tó ń yọná lọ́wọ́ níbi tó yàtọ̀ sí ilẹ̀ ayé.

Nígbà tí wọ́n wá gbà kí Voyager 2 kọjá Saturn, ọ̀ràn mìíràn yọjú. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó ń dé Uranus kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin èyí tó ń dé Saturn lọ, nítorí náà kámẹ́rà gbọ́dọ̀ lajú pẹ́ kó tó rí nǹkan, ọkọ̀ tó ń sáré á sì ba àwòrán náà jẹ́. Àwọn ẹnjiníà kọ́ ọkọ̀ náà láti máa yí ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ tẹ̀ lé ohun tó ń yà. Wọ́n kọ́ kọ̀ǹpútà tó wà nípamọ́ láti máa fún àwòrán pọ̀ kó tó fi ránṣẹ́. Wọ́n so áńtẹ́nà oríṣiríṣi pọ̀ ní Ọsirélíà kí wọ́n lè gbọ́ ohùn tó ti rẹlẹ̀. Gbogbo èyí, nígbà tí ọkọ̀ ti wà lọ́nà ni. Ọkọ̀ tó dé Uranus ní ọjọ́ 24 oṣù Kìíní 1986 gbọ́n ju èyí tó gbéra ní Cape Canaveral lọ. Ó dé Neptune ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ 1989. Títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, kò sí ọkọ̀ mìíràn tó tíì dé pílánẹ́ẹ̀tì méjèèjì yẹn.

Lẹ́yìn Neptune ni apá tí mo kà sí pàtàkì jù bẹ̀rẹ̀. Kò sí pílánẹ́ẹ̀tì kankan níwájú mọ́. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì 1990, Voyager 1 ya àwọn àwòrán tó kẹ́yìn, wọ́n sì pa kámẹ́rà rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọgọ́rọ̀ọ̀rún tó ń ṣiṣẹ́ nídìí rẹ̀ lọ sí ibòmíràn. Ìwọ̀nba èèyàn ló ṣẹ́ kù, wọ́n kó lọ sí ọ́fíìsì kékeré kan lẹ́yìn ọgbà JPL. Àwọn kan nínú wọn ti wà nídìí ẹ̀rọ náà kí ó tó gbéra, wọ́n sì dàgbà sídìí rẹ̀.

Kí ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń ṣe bó bá jí láàárọ̀? Ó ń ka òǹkà. Báwo ni ooru inú páìpù epo ṣe rí? Iná tó kù ńkọ́? Ṣé ti òní yàtọ̀ sí ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá? Ó ń kọ àṣẹ tí ọkọ̀ máa tẹ̀ lé ní oṣù mélòó kan sí i, àwọn ẹlòmíràn á sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ń bẹ̀bẹ̀ fún àyè lórí àwọn áńtẹ́nà ńlá Deep Space Network, tí NASA fi ń bá àwọn ọkọ̀ tó jìnnà sọ̀rọ̀, tó wà ní Goldstone ní Amẹ́ríkà, Madrid ní Sípéènì àti Canberra ní Ọsirélíà, torí àwọn ọkọ̀ mìíràn náà ń fẹ́ lò wọ́n. Nígbà tí àyè bá wá yọ, 160 bit, ìyẹn oókan tàbí òdo 160, láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni ọkọ̀ máa ń fi ránṣẹ́. Kò dùn ún wò. Ṣùgbọ́n nínú òǹkà wẹ́wẹ́ yẹn ni wọ́n ti mọ̀ pé Voyager 1 jáde kúrò níbi tí afẹ́fẹ́ oòrùn, ìyẹn àwọn ohun wẹ́wẹ́ tí oòrùn ń tú jáde, dé ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ 2012, pé Voyager 2 náà sì jáde ní ọjọ́ 5 oṣù Kọkànlá 2018. Ká ní wọ́n ti pa ẹ̀rọ náà tì lẹ́yìn Neptune ni, kò ní sẹ́ni tó máa gbọ́ ìròyìn ibẹ̀.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kọkànlá 2023, Voyager 1 bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ. Rédíò rẹ̀ ń dún, ó ń gbọ́ àṣẹ, ó sì ń ṣe é, àmọ́ oókan àti òdo tó ń fi ránṣẹ́ kàn ń tún ara wọn ṣe ni, wọn ò ní ìtumọ̀ kankan.

Ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe lórí ilẹ̀ á kọ́kọ́ ṣí i wò. Èyí wà níbi tó ju bílíọ̀nù kìlómítà 24 lọ. Nígbà náà, ọ̀rọ̀ tó ń sáré bí ìmọ́lẹ̀ máa lo wákàtí 22 àti ààbọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, èsì á sì tún lo iye kan náà kó tó padà. Bí o bá bi í ní ìbéèrè ní aago mẹ́jọ àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, ìdájí Ọjọ́rú ni wàá tó gbọ́ ìdáhùn. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi béèrè ohun tí wọn ò tíì rò dáadáa. Wọ́n á jókòó yẹ̀ ẹ́ wò fún ọ̀pọ̀ ọjọ́: bí àṣẹ yìí bá dé ibẹ̀ tí ọ̀rọ̀ ò sì rí bí a ṣe rò, ṣé ó lè pa ọkọ̀ lára?

Wọ́n fura sí kọ̀ǹpútà tó ń di dátà pọ̀ kó tó lọ. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta 2024, wọ́n fi àṣẹ kan tọ́ ọ, pé kó gbìyànjú ọ̀nà mìíràn nínú ètò tó ń tẹ̀ lé. Ní ọjọ́ kẹta, èsì dé. Kò jọ ti tẹ́lẹ̀, kò sì jọ èyí tó yẹ kó jẹ́. Ẹnjiníà kan tó wà nídìí Deep Space Network, tí kì í ṣe ara àwọn Voyager, ló tú u wò, ó sì rí i pé ẹ̀dà gbogbo ohun tó wà nínú ìrántí kọ̀ǹpútà náà ló wà níbẹ̀. Wọ́n fi wé ẹ̀dà tó ti dé kí wàhálà tó bẹ̀rẹ̀. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ìrántí náà ló ti kú, chip kan ṣoṣo ló sì fà á.

Kò sí bí wọ́n ṣe lè tún chip ṣe láti ibí. Ohun tó kù ni pé kí wọ́n kó kóòdù tó wà lórí rẹ̀ lọ sí ibòmíràn. Gbogbo ìrántí tó wà nínú àwọn kọ̀ǹpútà Voyager pátá kò ju nǹkan bí kilobyte 70 lọ. Àwòrán kan ṣoṣo tí ẹ bá fi fóònù yín yà lónìí jù ú lọ fíìfíì. Kò sí ojú kan ṣoṣo tó lè gba kóòdù náà tán. Wọ́n gé e sí wẹ́wẹ́, wọ́n wá àlàfo kéékèèké káàkiri fún un, wọ́n sì ṣàtúnṣe gbogbo ibi tí kóòdù mìíràn ti ń tọ́ka sí i, kí ó lè máa ṣiṣẹ́ bí ẹni pé kò tíì tú ká rí. Èdè kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní assembler ni wọ́n fi kọ gbogbo rẹ̀, ìwọ̀nba èèyàn ló sì ṣì gbọ́ ọ. Ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin ni wọ́n fi apá àkọ́kọ́ ránṣẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 20, wọ́n jókòó yí tábìlì ká ní JPL, òǹkà tó nítumọ̀ sì wọlé lẹ́yìn oṣù márùn-ún. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹfà, ohun èlò mẹ́rin tó ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ ti ń fi ìròyìn ránṣẹ́ bó ṣe yẹ.

Wọ́n ṣì ń ṣe àṣìṣe, ẹ má rò pé wọn kì í ṣe é. Ní ọjọ́ 21 oṣù Keje ọdún 2023 kan náà, àṣẹ kan tó ní àṣìṣe nínú mú kí Voyager 2 yí áńtẹ́nà rẹ̀ kúrò lójú ilẹ̀ ayé ní dígírì méjì péré, ọ̀rọ̀ sì dá. NASA ò fi pa mọ́, wọ́n kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé. Áńtẹ́nà Canberra fi gbogbo agbára tó ní pariwo sí i, ó sì yíjú padà ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ. Bí kò bá tilẹ̀ gbọ́, wọ́n ti ṣètò rẹ̀ pé kó máa tún ojú rẹ̀ wá ilẹ̀ ayé fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀mélòó kan lọ́dún, èyí tó kàn sì jẹ́ ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa àkọsílẹ̀ báyìí, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, torí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín kì í fẹ́ kọ nǹkan sílẹ̀ bí iṣẹ́ bá ti parí. Voyager ní àwọn ẹnu kéékèèké tó ń tú epo hydrazine jáde, òun ló fi ń yí ara rẹ̀ kó lè máa kọjú sí wa. Nígbà tí èyí tí Voyager 1 ń lò bẹ̀rẹ̀ sí í gbó, àwọn ẹnjiníà hú dátà àti kóòdù ọ̀pọ̀ ọdún jáde, wọ́n kà á, wọ́n sì tan àwọn mẹ́rin kan tí wọn ò tíì lò láti oṣù Kọkànlá 1980. Ọjọ́ 28 oṣù Kọkànlá 2017 ni. Wọ́n dúró fún wákàtí 19 àti ìṣẹ́jú 35. Ọdún 37 ni wọ́n ti wà láìṣiṣẹ́, wọ́n sì ṣiṣẹ́.

Èyí tó tẹ̀ lé e le jù. Àwọn ẹnu mìíràn wà lára Voyager 1 tó ń mú kí ọkọ̀ yí lórí ara rẹ̀. Ní 2004, iná kú lára hítà méjì tó ń mú wọn gbóná, àwọn ẹnjiníà ìgbà náà sì gbà pé kò sí àtúnṣe mọ́. Wọ́n bọ́ sórí àwọn ìkejì. Lẹ́yìn nǹkan bí ogún ọdún, páìpù àwọn ìkejì náà bẹ̀rẹ̀ sí í dí. Àwọn tó wà níbẹ̀ lónìí padà sídìí ọ̀rọ̀ 2004, wọ́n sì béèrè pé bí hítà ọ̀hún ò bá bàjẹ́ ńkọ́, bó bá jẹ́ pé súìṣì kan ló kàn ṣí kúrò ní àyè rẹ̀? Ewu wà níbẹ̀. Bí ọkọ̀ bá yí lọ kọjá ìràwọ̀ tó ń wò kó lè mọ ibi tó kọjú sí, á tan àwọn ẹnu náà fúnra rẹ̀, bí hítà ò bá sì tíì mú wọn gbóná, nǹkan lè bú. Àkókò náà ò sì dúró, torí áńtẹ́nà Canberra, tí wọ́n fi ń fi àṣẹ ránṣẹ́, máa wọ àtúnṣe ní oṣù Karùn-ún 2025. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹta, wọ́n rí i pé àwọn hítà náà ti ń gbóná.

Àwọn ẹnjiníà 2004 kì í ṣe òpè. Ohun tí mo rí ni pé wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí àti ohun tí wọ́n ṣe sílẹ̀ dáadáa, débi pé ẹlòmíràn lè wá bá wọn jiyàn lẹ́yìn ọdún 21.

Ibi tí àkọsílẹ̀ ti yẹ̀ náà wà nínú ìtàn yìí, ó sì kàn wá nítòsí. Voyager kọ̀ọ̀kan gbé àwo orin kan tí wọ́n fi wúrà bo. Ìlù kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n kọ sí ìwé pé ti Senegal ni, ọ̀pọ̀ ọdún ni gbogbo ayé sì fi pè é bẹ́ẹ̀. Àwọn onílù ẹ̀yà Mahi ní ìlú Savalou ló lù ú, ní Benin níbí, níbi tí kò jìnnà sí àwọn ará wa tó wà ní Ṣábẹ. Charles Duvelle, onímọ̀ orin ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló gba ohùn wọn sílẹ̀ ní 1963. Ìlù wọn ti jáde kúrò lọ́dọ̀ oòrùn kí wọ́n tó tún orúkọ ìlú wọn kọ bó ṣe yẹ.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ iná kádìí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbéra, ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní nǹkan bíi wáàtì 470. Ọdọọdún ló ń dín tó nǹkan bíi wáàtì mẹ́rin. Ohun èlò ìwádìí mẹ́wàá ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ àwọn ẹnjiníà wá di pé kí wọ́n máa pinnu, pẹ̀lú àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, èyí tí wọ́n máa pa kí ìyókù lè wà láàyè. Hítà ni wọ́n kọ́kọ́ ń pa, ó sì yà wọ́n lẹ́nu pé àwọn ohun èlò kan ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú òtútù tí ẹnikẹ́ni ò tíì dán wọn wò rí. Ní oṣù Kẹsàn-án 2024 wọ́n pa ọ̀kan lára Voyager 2, ní oṣù Kejì 2025 wọ́n pa ọ̀kan lára Voyager 1, nígbà tó sì di oṣù Kẹta wọ́n tún pa òmíràn lára Voyager 2. Nígbà náà, ó ku mẹ́ta-mẹ́ta. Àwọn tó ń darí iṣẹ́ náà sọ pé bí wọn ò bá pa àwọn yẹn ni, iná tó kù ò ní ju ti oṣù díẹ̀ lọ.

Ohun tí wọ́n ń lé báyìí ni kí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan wọ inú àwọn ọdún 2030 pẹ̀lú ó kéré tán ohun èlò kan tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Wọ́n máa nílò ẹni tó lè ka kóòdù tí àwọn bàbá wọn kọ, tó sì lè fara balẹ̀ dúró dé èsì. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìbéèrè, ẹ na ọwọ́ yín sókè; àwọn tó jókòó lẹ́yìn ni ká jẹ́ kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.